Ọkọ̀ Díísù Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jí Láàárọ̀ Ọyẹ́: Ẹ̀kọ́ Nípa Púlọ́ọ̀gì Ẹlẹ́yínná

Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan bi mí léèrè pé kí ni akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá ń wá ní abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Ìdáhùn ìbéèrè yìí kò le. Ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì wa, Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́, Yorùbá náà ni ọmọ iṣẹ́ fi ń dá a lóhùn. Bí ìmọ̀ bá wà nínú iṣẹ́ náà, ó yẹ kí ìmọ̀ ọ̀hún ṣeé kọ sílẹ̀ ní èdè kan náà, kí ẹni tí kò gbé sípánà rí lè kà á kí ó sì yé e.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ni ti ẹ́ńjìnnì díísù tí kì í fẹ́ jí ní òwúrọ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òyìnbó ni èyí, pé níbi tí yìnyín ti ń bọ́ nìkan ni ẹ́ńjìnnì ti ń nílò ìyáná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nítorí àṣìmọ̀ yìí ni àwọn ọlọ́kọ̀ ṣe ń ná owó sí ibi tí kò dùn wọ́n. Àwọn kan ń ra bátìrì tuntun, àwọn kan ń ra púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, àwọn mìíràn sì ń jẹ́ kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì wọn palẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ohun tí kò tó nǹkan ni ó ń ṣe ọkọ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, n ó kọ́kọ́ ṣe àlàyé ìdí tí ẹ́ńjìnnì díísù fi nílò ooru kí ó tó jí. Lẹ́yìn náà ni n ó sọ iṣẹ́ tí púlọ́ọ̀gì kékeré kan ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà, kí n tó wá tọ́ka sí ètò tí a lè tẹ̀lé láti rí ìdí àìsàn. Kókó ọ̀rọ̀ mi ni pé ẹ́ńjìnnì tí kò jí máa ń sọ ohun tí ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí i kì í ra ohun tí kò bàjẹ́.

Ẹ́ńjìnnì tí kì í ṣáná

Orúkọ ènìyàn ni díísù. Rudolf Diesel ni ọkùnrin náà ń jẹ́. Ọmọ Jámánì ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1858. Ní ọdún 1892 ni ó kọ̀wé béèrè fún ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀rọ tí ó ń rò lọ́kàn, ní ọdún 1897 sì ni ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú Augsburg ní Jámánì.

Ohun tí ó ya ẹ̀rọ rẹ̀ sọ́tọ̀ sí ti bẹntiróòlù ni bí epo ṣe ń gbiná. Nínú ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù, púlọ́ọ̀gì ni ó ń ṣá iná sí epo àti afẹ́fẹ́ tí ó ti pò pọ̀. Ìdí nìyí tí àwa Yorùbá fi ń sọ pé awakọ̀ ‘ṣáná sí ọkọ̀’. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ń ṣá iná kankan nínú ẹ́ńjìnnì díísù. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì ń fà wọlé. Yóò wá fún afẹ́fẹ́ náà pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, nígbà náà ni nọ́súlù yóò fín epo sí i. Bí epo bá ti kan afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí, yóò gbiná fúnra rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí yóò mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Kì í ṣe fífara gbora nìkan ni ó ń mú un gbóná. Afẹ́fẹ́ tí a fún pọ̀ ni ó ń mú ooru jáde. Nínú ẹ́ńjìnnì Mercedes 240 D, afẹ́fẹ́ tí ó gba àyè 21 ni písítìnì ń fún sínú àyè kan ṣoṣo. Epo díísù a máa gbiná fúnra rẹ̀ bí ooru bá fi díẹ̀ ju 200 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì tí ó ti yá sì lè kọjá 500 nígbà tí a bá fún un tán. Bí ó bá ti rí báyìí, kò sí ìyọnu.

Ìyọnu bẹ̀rẹ̀ nígbà tí irin bá tutù. Ooru tí afẹ́fẹ́ bá mú jáde, ara irin tútù ni yóò gbà á mu kí nọ́súlù tó la ẹnu. Bí epo bá dé, kò ní í bá ooru tí ó tó láti gbiná. Yóò di ìkùukùu lásán, yóò sì bá páìpù èéfín jáde.

Yàrá kékeré àti ẹyín iná

Oríṣi méjì ni ẹ́ńjìnnì díísù, ó sì ṣe pàtàkì kí a mọ ìyàtọ̀ wọn. Nínú oríṣi kìíní, orí písítìnì gan-an ni nọ́súlù ń fín epo sí. Irú èyí ni ẹ́ńjìnnì lọ́rì Mercedes 911 tí gbogbo wa mọ̀ ní ojú ọ̀nà wa. Nínú oríṣi kejì, yàrá kékeré kan wà ní òkè sìlíńdà. Inú yàrá yìí ni epo ti ń kọ́kọ́ jó kí iná tó ya jáde sí orí písítìnì. Prosper L'Orange, ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Benz ní Jámánì, ni ó gba ẹ̀tọ́ lórí irú yàrá báyìí ní ọdún 1909. Yàrá náà mú kí ariwo ẹ́ńjìnnì dín kù, ó sì mú kí díísù ṣeé fi sí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Mercedes 260 D tí ó jáde ní ọdún 1936 lò ó, àwọn 240 D àti bọ́ọ̀sì 207 D tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ náà sì lò ó.

Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó dára tí kò ní àbùkù tirẹ̀. Irin ni ó yí yàrá kékeré yìí ká, omi tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára sì yí irin náà ká. Ihò tóóró ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú rẹ̀. Gbogbo ibi tí ó bá fara kàn ni yóò ti fi ooru sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì oníyàrá kò lè fi ooru ara rẹ̀ nìkan jí bí ó bá tutù. Ó nílò ẹni tí yóò bá a dáná sínú yàrá náà ṣáájú.

Púlọ́ọ̀gì tí mo ń sọ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Irin kékeré ni, kò ju ìka ọwọ́ lọ. Bí iná bátìrì bá wọ inú rẹ̀, orí rẹ̀ tí ó wà nínú yàrá yóò pọ́n bí ẹyín iná. Ooru rẹ̀ a máa tó nǹkan bí 800 sí 1,000. Epo tí nọ́súlù bá fín yóò kan ibi pípọ́n yìí, yóò sì gbiná. Láyé àtijọ́, bí iná bá kú ní ilé kan, ọmọdé ni wọn yóò rán lọ wa ẹyín iná ní ilé kejì. Iná kò ní í jó lára ẹyín náà títí lọ, ṣùgbọ́n láìsí i, igi kò ní í mú. Bí púlọ́ọ̀gì yìí ṣe rí nìyẹn.

Níbí ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́. Hítà ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ń pè é, àwọn mìíràn kàn ń pè é ní púlọ́ọ̀gì lásán. Orúkọ kejì yìí ni ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí àwọn ọlọ́kọ̀ ń rò pé ó ń ṣá iná bíi ti bẹntiróòlù, àti pé bí ó bá kú, ọkọ̀ yóò kú lójú ọ̀nà. Rárá o. Ọkọ̀ díísù tí gbogbo púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti kú lè rìn láti Ìbàdàn dé Kánò bí ó bá ti jí. Mo dá a lábàá pé kí á máa pe ti bẹntiróòlù ní púlọ́ọ̀gì aṣáná, kí á sì máa pe ti díísù ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́yínná. Bí orúkọ bá ti bá iṣẹ́ mu, ìdajì àṣìmọ̀ ti lọ.

Ṣé òtútù wà ní Ìbàdàn?

Ẹnìkan lè sọ pé ọyẹ́ Ìbàdàn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtútù Jámánì. Òtítọ́ ni. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, òtútù Ìbàdàn lè wà ní nǹkan bí 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Jos tí ó wà lórí òkè, ó lè sún mọ́ 10. Ní Jámánì, ó lè lọ sí abẹ́ òdo, débi pé ìda tí ó wà nínú epo díísù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí yóò sì dí asẹ́ epo. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń ta epo díísù ìgbà òtútù lọ́tọ̀ níbẹ̀. A kò ní irú ìyọnu yìí ní ilẹ̀ Yorùbá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ojú ẹ́ńjìnnì wò ó. Irin tí ó wà ní 20 jìnnà gan-an sí ooru tí ó fi díẹ̀ ju 200 lọ tí epo ń fẹ́. Lójú ẹ́ńjìnnì oníyàrá, òwúrọ̀ Ìbàdàn náà tutù. Ọyẹ́ tún ń mú ọ́ìlì ki, ó sì ń dín agbára bátìrì kù. Bí bátìrì bá ti gbó, tí púlọ́ọ̀gì méjì sì ti kú, ọyẹ́ díẹ̀ yìí ni yóò tú àṣírí wọn. Ní oṣù Kẹrin ọkọ̀ náà ń jí, ní oṣù Kejìlá ó kọ̀. Kì í ṣe oṣù Kejìlá ni ó bà á jẹ́.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Àbúrò ìyá mi kan ní bọ́ọ̀sì 207 D tí ó fi ń kó ẹrù àwọn oníṣòwò iṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn. Ní àkókò ọyẹ́ kan, bọ́ọ̀sì yìí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láàárọ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà ni ó ń tì í kí ó tó jí. Àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọkọ̀ mìíràn, nítorí ẹni tí yóò dé ọjà ní ìdájí kò lè dúró de ọkọ̀ tí ń sùn. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní ríńgì písítìnì ti jẹ, pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀. Àbúrò ìyá mi ti gba owó àjọ rẹ̀ kí ó tó kàn án, ó ti fẹ́ san án, kí bàbá arúgbó kan tí ń ṣe iná ọkọ̀, irú àwọn tí à ń pè ní rẹwáyà, tó bi í ní ìbéèrè kan.

Bàbá ní, ‘Ọmọ mi, bí ọkọ̀ yìí bá ti rìn tí ó gbóná, tí o pa á, tí o tún fẹ́ jí i, ṣé ó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu?’

Ó dáhùn pé, ‘Rárá, Bàbá. Bí mo bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ó ti jí.’

Bàbá ní, ‘Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, má san owó ríńgì fún ẹnikẹ́ni.’

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ìbéèrè yìí. Bí ríńgì bá ti jẹ tó bí mẹkáníìkì náà ti wí, afẹ́fẹ́ yóò máa jò, ọkọ̀ yóò sì máa ṣòro jí bí ó tilẹ̀ gbóná. Bí ó bá ń jí wẹ́rẹ́ nígbà tí ó gbóná, ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ rẹ̀ tó. Ooru òwúrọ̀ nìkan ni ó ṣaláìní. Bàbá ṣí àpótí kékeré tí ó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì, ó sì rí i pé fíúsì onírin pẹlẹbẹ tí ó wà nínú rẹ̀ ti ya. Iná kò dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì kankan láti ọjọ́ yìí wá. Ó pààrọ̀ fíúsì, bọ́ọ̀sì sì jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì láìsí ẹni tí ó tì í. Owó àjọ padà sí ibi tí ó yẹ kí ó wà.

Ètò ìwádìí

Láti inú irú àpẹẹrẹ yìí ni a ti lè fa ètò yọ. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná ni ní kọ́bọ̀, kí á tó máa lọ sí ibi tí owó wà. A kì í fi ètè sílẹ̀ kí á máa pa làpálàpá.

1. Tẹ́tí sí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. Bí sítátà bá ń yí i wúwo, bíi ti ẹni tí oorun ń kùn, bátìrì ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí písítìnì kò bá yára, afẹ́fẹ́ yóò ráyè jò, ooru yóò sì ráyè sá sínú irin. Wo orí bátìrì bóyá ìdọ̀tí funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti bò ó. Tú wáyà, fọ̀ ọ́, kí o sì so ó le. Bátìrì tí ó kún yóò ka nǹkan bí fóltì 12.6 lórí mítà nígbà tí ó bá sinmi. Bí ó bá ka 12.2, ó ti dín sí nǹkan bí ìdajì.

2. Wo páìpù èéfín nígbà tí ẹlòmíràn bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí kò bá sí èéfín rárá, epo kò dé inú sìlíńdà: wo táǹkì, wo asẹ́ epo, wo bóyá afẹ́fẹ́ ti wọ inú páìpù epo. Bí èéfín funfun tí ó ń rùn bí epo tútù bá ń jáde, epo ń dé ṣùgbọ́n kò gbiná. Ooru ni kò sí. Èéfín dúdú ń sọ fún wa pé epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, bóyá nítorí pé asẹ́ afẹ́fẹ́ ti dí.

3. Béèrè ìbéèrè Bàbá. Bí ọkọ̀ bá ń jí nígbà tí ó gbóná, tí kò jí nígbà tí ó tutù, ìdí àwọn púlọ́ọ̀gì ni kí á lọ. Bí kò bá fẹ́ jí nígbàkúùgbà, ibòmíràn ni àìsàn wà.

4. Wádìí bóyá iná ń dé orí púlọ́ọ̀gì. Má gbẹ́kẹ̀ lé iná kékeré tí ń tàn níwájú awakọ̀, nítorí ó lè tàn nígbà tí púlọ́ọ̀gì méjì ti kú. Mú gílóòbù ọkọ̀ kan tí a so wáyà méjì mọ́. Fi wáyà kan kan ara irin ẹ́ńjìnnì, fi èkejì kan orí púlọ́ọ̀gì, kí ẹlòmíràn sì yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí a ti ń yá ẹ́ńjìnnì. Bí gílóòbù kò bá tàn, má tíì tú púlọ́ọ̀gì kankan. Fíúsì, wáyà, tàbí àpótí tí ń pín iná ni ó ní ẹjọ́ láti rò.

5. Bí iná bá ń dé, yẹ púlọ́ọ̀gì wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́ tú wáyà tàbí irin tí ó so gbogbo wọn pọ̀, nítorí bí o kò bá tú u, èyí tí ó wà láàyè yóò máa jẹ́rìí fún èyí tí ó ti kú. Wá so wáyà gílóòbù kan mọ́ ẹnu bátìrì tí ó ní àmì àròpọ̀, kí o sì fi èkejì kan orí púlọ́ọ̀gì. Bí ó bá tàn, iná ń gba inú rẹ̀ kọjá, orí rẹ̀ sì lè pọ́n. Bí kò bá tàn, ó ti já nínú. Ẹni tí ó ní mítà yóò rí i pé púlọ́ọ̀gì tí ó wà láàyè kì í sábà ju óòmù kan tàbí díẹ̀ lé lọ.

6. Bí ó bá di dandan kí a tú u jáde, rọra ṣe é. Jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ta epo tí ń tú ìpẹtà sí ìdí rẹ̀, kí o sì fún un láyè. Bí púlọ́ọ̀gì bá kán sínú orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Bí ó bá jáde, wo orí rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá ti yọ́ tàbí tí ó jóná, má kàn fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé nọ́súlù ń kán epo dípò kí ó máa fín in, òun ni yóò sì pa tuntun náà.

7. Bí gbogbo èyí bá pé, a lè wá wo fáàfù bóyá ó ti há jù tí kò dé ìdí, kí á tó wọn ìfúnpọ̀ afẹ́fẹ́ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Ríńgì ni ó gbẹ̀yìn, kì í ṣe òun ni ó ṣáájú.

Ìlẹ̀kẹ̀ àti òpó iná

Ó ku ohun kan tí ó ń dààmú àwọn tí ń ṣe ìwádìí yìí. Nínú àwọn Mercedes díísù àtijọ́, àwọn púlọ́ọ̀gì wà lórí wáyà kan ṣoṣo bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn: iná ń ti inú èkíní bọ́ sí èkejì. Bí ọ̀kan bá já, gbogbo wọn kú, ọkọ̀ kò sì ní í jí rárá. Wọ́n tún máa ń pẹ́ kí wọ́n tó pọ́n; awakọ̀ lè dúró fún nǹkan bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbésẹ̀ karùn-ún tí mo kọ sókè kò kan irú èyí gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́. Mítà ni kí á fi wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ẹnu kan dé èkejì.

Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni ilé iṣẹ́ náà yí padà sí oríṣi tí ó yára. Nínú èyí, wáyà púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan dá dúró, bí ilé ṣe ń gba iná ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lára òpó. Bí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ lọ. Àǹfààní ni èyí, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn nínú: ọkọ̀ yóò jí pẹ̀lú sìlíńdà mẹ́ta, yóò máa gbọ̀n, yóò máa tu èéfín funfun, lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ara rẹ̀ yóò balẹ̀. Ọlọ́kọ̀ yóò ní ó ti dára. Kò dára. Ọ̀kan ti kú, èkejì ń bọ̀ lọ́nà, ọjọ́ tí ọyẹ́ bá mú ni wọn yóò jọ dúró.

Ohun tí kò yẹ kí á ṣe

Àwọn kan máa ń fọ́n íítà inú agolo sí ẹnu ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́. Ìwà tí ó léwu ni lórí ẹ́ńjìnnì tí ó ní púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́yínná. Íítà yóò bá ẹyín iná nínú yàrá, yóò sì bú gbàmù kí písítìnì tó dé ibi tí ó yẹ. Ó lè fọ́ ríńgì, ó lè ba písítìnì fúnra rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kí á má ṣe fi àkísà tí a rẹ sínú bẹntiróòlù, tí a sì tanná sí, yá ẹnu ẹ́ńjìnnì. Ọwọ́ àti ojú ènìyàn kò ní ohun ìrọ́pò lọ́jà.

Kí á má sì máa yí sítátà títí lọ. Yí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá, jẹ́ kí ó sinmi, kí o tún jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì pọ́n kí o tó yí i padà.

Ìkìlọ̀ mìíràn kan àwọn ọkọ̀ òde òní. Púpọ̀ nínú wọn ń fín epo sí orí písítìnì gan-an bíi ti lọ́rì 911, síbẹ̀ wọ́n ní púlọ́ọ̀gì, nítorí pé wọn kì í fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó ti àtijọ́, àti nítorí pé púlọ́ọ̀gì náà ń pọ́n lọ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti jí kí èéfín lè dín kù. Kọ̀ǹpútà ni ó ń darí wọn. Àwọn kan nínú wọn kò gbà ju nǹkan bí fóltì 5 tàbí 7 lọ. Ẹni tí ó bá so irú èyí mọ́ bátìrì fóltì 12 láti dán an wò ti pa á. Ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ kí o tó fọwọ́ kàn án.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ooru ni ẹ́ńjìnnì díísù fi ń jí, pé ẹ́ńjìnnì oníyàrá kékeré kò lè dá ooru náà ní láàárọ̀, àti pé púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́yínná ni ó ń bá a wa iná wá. A sì ti rí i pé bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí, àwọ̀ èéfín rẹ̀, àti ìwà rẹ̀ nígbà tí ó gbóná, ẹ̀rí ni wọ́n jẹ́ kí sípánà tó jáde. Yorùbá ní abéèrè kì í ṣìnà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó gba owó àjọ ọkùnrin kan lọ́wọ́ òfò, Yorùbá pọ́ńbélé sì ni wọ́n fi béèrè rẹ̀. Iṣẹ́ àwa tí a ń kọ́ èdè yìí ni láti rí i pé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kò mọ sí ẹnu bàbá arúgbó kan ṣoṣo.

Ìbéèrè fún ìdánrawò

(a) Ọkọ̀ 240 D kan ń yí dáadáa láàárọ̀, èéfín funfun ń jáde, ṣùgbọ́n kò jí. Ní ọ̀sán tí ó ti rìn, ó ń jí wẹ́rẹ́. Kí ni ìwọ yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kí sì ni ìdí rẹ̀?

(b) Kí ni ó fà á tí a fi gbọ́dọ̀ tú irin tí ó so àwọn púlọ́ọ̀gì pọ̀ kí a tó yẹ̀ wọ́n wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan?

(d) Lọ sí ọgbà mẹkáníìkì tí ó sún mọ́ ọ. Kọ orúkọ mẹ́wàá tí wọ́n ń pe àwọn ohun inú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, kí o sì sọ èyí tí ó bá iṣẹ́ ohun náà mu àti èyí tí kò bá a mu.